Ilésanmí àti Ilé Tí Kì í Ṣe Títà

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Festus Ilésanmí fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá bá a lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó jókòó tì í, ó ṣí fáìlì kan, ó ní òun fẹ́ ta ilé náà fún un.

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa," ni ọkùnrin náà wí, ó ń nawọ́ sókè bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán ni. Táìlì tuntun, fèrèsé tuntun, òrùlé tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló ni ín. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún nísàlẹ̀, fúláàtì mẹ́fà lókè. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: bàbá arúgbó kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò le, a máa lé e."

"Irú bàbá wo ni?" ni Ilésanmí béèrè.

"Alágídí ni jàre. Orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé."

"Ṣé ó máa ń jà?"

"Rárá o. Ariwo lásán ni."

Ilésanmí mi orí, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sì gbé igi ìdábùú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ bọ̀. Kó tó yọ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkùnrin oníkóòtù ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàtà òsì rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sínú gọ́tà.

Òun ni ẹnì kẹrin tó wá ta ilé yẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ mú tọkọtaya kan wá, ó ń fi yàrá ìdáná hàn wọ́n láti ojú fèrèsé. Ẹnì kejì wá pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Ẹnì kẹta mú pásítọ̀ lọ́wọ́, pásítọ̀ náà sì ti fi òróró yan òpó méjì kí Ilésanmí tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Ilésanmí. Ó sọ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lòun. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sọ pé mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iṣẹ́ àtíìsì ló kọ́ ní Mushin, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ̀wé sára ògiri. Nígbà tó dé Alímòṣọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń jẹun. Bí onílé bá rìnrìn àjò, tàbí tó kú, tàbí tó kàn sùn jù lọ́sàn-án, ẹnì kan lè ti ta ilé rẹ̀ kó tó lajú. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀.

Ilésanmí ní òun kọ ọ́ sára ilé tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndò. Ẹni tó kà á kò sí. Ohun tó dájú ni pé títí di òní, ní òpópónà mélòó kan ní Akówonjo, lẹ́tà T kan wà tó ní ìrù bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ bánà dé, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, búrọ́ọ̀ṣì Ilésanmí sì gbẹ. Bàbá Àjíṣafẹ́, tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta lọ́wọ́ nígbà yẹn ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú títì Ìkòtún sí Ìgàndò, rí i níbi tó ti ń rìn kiri. Ó ní kó wá kọ gbólóhùn náà síwájú ilé àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì máa gbé nínú yàrá ẹ̀yìn, kó máa ṣọ́ ohun tó kọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé.

Ilésanmí kò fi mọ sí orí ògiri nìkan. Ó kọ́ gbogbo àdúgbò. Ó kọ́ Godswill, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó kọ́ àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń lọ ilé ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ó kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pàápàá, ó ń fún wọn ní bisikíìtì bí wọ́n bá dáhùn dáadáa. Bí àjèjì bá ti béèrè pé, "Ilé yìí ńkọ́?", èsì kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ láti ọ̀tún àti òsì: "Kì í ṣe títà!" Àṣẹ tí Ilésanmí fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lágbára jù: "Ẹnikẹ́ni tó bá ní títà ni, ẹ dì í mú. Ìbáà jẹ́ èmi fúnra mi."

Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tó sọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà rèé tí Bàbá Àjíṣafẹ́ ti kú. Ọmọ rẹ̀, Dókítà Báyọ̀dé, wà ní Kánádà, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ àdúgbò náà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ọ̀hún ló ti ń darí àwọn tó tún ilé náà ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó pe Ilésanmí lórí Wásáàpù.

"Bàbá Ilésanmí, àwọn olùdókòwò ń bọ̀ wá wo ilé. Ẹ pa ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn rẹ́."

"Dókítà, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣọ́ ilé o."

"Báwo ni ènìyàn ṣe ń ta ọjà tó kọ sí lára pé kì í ṣe títà? Ẹ pa á rẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá tà á kí oṣù yìí tó parí, màá ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé yàrá ẹ̀yìn jẹ́ tiyín títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí a ò bá rí i tà, iléeṣẹ́ kan ní Erékùṣù Èkó ni màá gbé e fún. Wọ́n ní ọlọ́dẹ tiwọn. Wọ́n máa kó gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ jáde."

Ilésanmí kò níbi tó lè lọ. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti tà á nígbà tó wà l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sára tiẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe fi ọ̀dà pa á rẹ́, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni àwọn oníkóòtù, olókùn ìwọnlẹ̀ àti pásítọ̀ olóróró.

"Bàbá, ẹ tún un kọ," ni Ìdíátù wí. Òun ni aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹni tí kì í bo ọ̀rọ̀ láṣọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ló ń rán. "Kí Ọjọ́bọ̀ tí àwọn olówó yẹn ń bọ̀ tó pé, àwọn ènìyàn yìí á ti ta ilé yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Wọ́n á ta èmi náà mọ́ ọn."

"Dókítà ní kí n pa á rẹ́."

"Ṣé Dókítà ló ń lé wọn ni, àbí ẹ̀yin?"

Ilésanmí gbé búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbólóhùn náà ti padà síbi tó wà, ó tilẹ̀ tún pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti Dókítà, Ilésanmí rò pé ohun tí ojú kò rí ní Kánádà, kò lè ba ọkàn jẹ́ ní Kánádà. Láti ọjọ́ náà, oníkóòtù kankan kò yọjú mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, jíìpù dúdú kan dúró síwájú ilé. Kẹ́mi Akínbọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ń ra ilé fún ẹgbẹ́ àwọn olùdókòwò kan ní Ìkẹjà. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì di tábúlẹ́ẹ̀tì mú, kò sì sí èyí tó gbójú kúrò lára tirẹ̀. Kẹ́mi gbójú sókè. Ó ka ògiri. Ó tún un kà.

"Bàbá, ẹ káàsán sà. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta ilé?"

"Ibí ni, màdáàmù. Ẹ káàbọ̀."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe títà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí pé a fẹ́ tà á la ṣe kọ ọ́."

Kẹ́mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹni tí iná ti jó rí nínú iṣẹ́ yìí máa ń ṣe: dípò kó bá ẹni tó ń tà á wọlé, ó dá ọ̀nà kọjá lọ bá aládùúgbò. Godswill wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ilé yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe títà!" ni ẹsẹ̀ náà dáhùn.

"Kì í ṣe títà!" ni àwọn ìyá aláṣọ funfun mẹ́rin tó ń ti ìsìn ọ̀sán bọ̀ gbè é.

"Kì í ṣe títà!" ni ohùn ọmọdé kan wí láti òkè ibì kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí bisikíìtì.

Ilésanmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti iwájú ilé. Yàrá rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ó sáré dé àárín ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Rárá o, ẹ̀yin ará! Títà ni! Ó ti di títà báyìí! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Godswill yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá, kí lẹ sọ?"

"Mo ní títà ni!"

Godswill dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó wá, ó sì gbá Ilésanmí mú níbi ìgbànú. Ìyá aláṣọ funfun kan di apá ọ̀tún mú, òmíràn di apá òsì.

"Godswill, èmi ni o! Ilésanmí!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká di ẹ̀yin mú."

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ẹ tiẹ̀ ní ká má gba ẹ̀bẹ̀ yín."

Ìdíátù jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n fi Bàbá sílẹ̀. Wọ́n bi í léèrè bóyá òun náà mọ̀ nípa títa ilé onílé. Ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ti Ilésanmí lọ sí ìloro Alága Dáramọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà. Kẹ́mi tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjèèjì fẹ́ padà sínú jíìpù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Festus Ilésanmí," ni Alága wí, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì tó pẹ́ dé. "Wọ́n ní ẹ̀ ń ta ilé Àjíṣafẹ́."

"Alága, ọmọ Àjíṣafẹ́ ló ní kí n tà á."

"Ẹlẹ́rìí yín dà?"

"Ó wà ní Kánádà."

Gbogbo ìloro rẹ́rìn-ín. Kò sí gbájúẹ̀ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kì í sí ní Kánádà.

Ilésanmí bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun pè é kí wọ́n sì rí ojú rẹ̀. Fóònù dún, dún, dún, lẹ́yìn náà ni ojú ọkùnrin kan yọ, ó wọ fìlà onírun tó bo etí, kóòtù rẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, òjò dídì sì ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyí?" ni ìyá aláṣọ funfun kan béèrè.

"Dókítà Báyọ̀dé ni," ni Ilésanmí wí.

"Irọ́. Báyọ̀dé tó jáde níbí, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni."

"Éè-áì ni," ni Godswill wí. "Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe ojú ènìyàn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ojú pásítọ̀ wa polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wò ó, ó fẹ́ rà á."

Alága gbé ọwọ́ sókè. Ó gba fóònù, ó na án jìnnà sí ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú fóònù, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Àjíṣafẹ́ lóòótọ́, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni wọ́n kọ sára ògiri ilé yín?"

Ojú Ilésanmí ṣú.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni Dókítà dáhùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Mo ti ní kí wọ́n pa á rẹ́."

Gbogbo wọn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìloro Alága, ògiri náà hàn kedere, pupa fòò, lẹ́tà T rẹ̀ ń ju ìrù.

"Hàà!" ni Godswill ké. "Àṣírí ti tú!" Ó tún ìgbànú Ilésanmí gbá mú.

"Àṣírí kí ni?" ni Dókítà béèrè. "Ta ló dì yín mú, Bàbá Ilésanmí? Kí ni wọ́n ń wò?"

Alága yí fóònù sí ògiri. Ohùn Dókítà wá dé, jẹ́jẹ́, tónítóní.

"Bàbá Ilésanmí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ, sà, bí wọ́n bá fi ọpọlọ yín se ọbẹ̀, èèrà ò ní yó. Ẹ̀yin Alága, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ, tí ẹ jókòó kalẹ̀ tí wọ́n ń fi ìgbànú mú àgbàlagbà níwájú yín, ẹ jọ àgbá òfìfo tó ń retí òjò nínú ọyẹ́. Ẹ̀yin tó kù…"

Alága Dáramọ́lá ti dìde dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ fi Festus sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ Àjíṣafẹ́ ni."

"Alága, ó bú yín," ni Godswill wí.

"Mo gbọ́. Àgbá òfìfo gan-an ni bàbá rẹ̀ pè mí lọ́dún tí a gbẹ́ gọ́tà. Ó kọ́kọ́ fún mi ní ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ wo ló lè rọ irú èébú yẹn?" Omi wà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ìbínú. "Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹnikẹ́ni ti bú mi dáadáa bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn."

Wọ́n tú Ilésanmí sílẹ̀. Ìgbànú rẹ̀ ti já. Ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó yíjú sí Kẹ́mi, ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Kò sí olówó tó ń ra ilé tí wọ́n ti mú ẹni tó ń tà á bí olè.

"Màdáàmù, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rà á mọ́."

"Bàbá, a wo ilé mẹ́fà lọ́sẹ̀ yìí," ni Kẹ́mi wí. "Ẹgbẹ́dá, Akówonjo, Ìpájà. Ibi gbogbo tí a dé, àwọn aládùúgbò ní, 'Ẹ wọlé, títà ni, ẹ mu omi.' Èyí tó kéré jù nínú wọn ní onílé mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù ní onílé mọ́kànlá, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìpàdé. Ibí nìkan ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ na ẹni tó ń tà á." Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. "Èyí la máa rà."

Ọ̀kan nínú wọn ní wọn ò tíì wọ inú ilé náà.

"Kí la fẹ́ wò níbẹ̀? Táìlì?"

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí oṣù parí. Nínú ṣọ́ọ̀bù kẹta tó ṣófo ni wọ́n ti ṣe é: lọ́yà, Alága gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, Kẹ́mi àti àwọn ọkùnrin rẹ̀, Dókítà nínú fóònù. Ilésanmí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ ilé ìjọ, ó ń dúró de orúkọ ara rẹ̀. Lọ́yà ka ojú ewé kìíní, ó ka ìkejì, ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó pa fáìlì dé.

Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Dókítà," ni Ilésanmí wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Yàrá mi ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ dójú tì mí níwájú gbogbo ayé. Mo ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ ò pa á rẹ́."

"Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ ni."

Kẹ́mi ti gbé bírò lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ gbà mí láyè, Dókítà. Ṣé ẹ ń sọ pé Bàbá ò sí nínú ohun tí a ń rà?"

"Ilé lẹ ń rà."

"Ilé wà káàkiri. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá fi kọ́ ẹnu àdúgbò yìí. Ìyẹn la rí tí a fi dúró. Bí Bàbá bá lọ, lọ́la ni oníkóòtù kan máa ta èmi náà mọ́ bíríkì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, àbí ká máa lọ."

Lẹ́yìn náà ni Kánádà gbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ. Lọ́yà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, ó sì kà á sókè: yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ti Festus Ilésanmí, kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò kú, lẹ́yìn náà, ó di ti àwọn tó ra ilé.

"Ọmọ ọdún mélòó ni Bàbá?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tábúlẹ́ẹ̀tì béèrè.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Ilésanmí dáhùn tayọ̀tayọ̀.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Èkejì béèrè bóyá Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilésanmí ní òun ò ní nǹkan kan. Wọ́n tẹ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò jọ pé inú wọn dùn sí i.

Wọ́n fọwọ́ síwèé. Kẹ́mi ti ṣe ètò oúnjẹ: wọ́n gbé kúlà ìrẹsì àti adìyẹ díndín kalẹ̀, wọ́n bu fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo tó kún jù fún Ilésanmí. Ó ní kó jẹun dáadáa. Bàbá gbé e lọ sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, Ìdíátù tẹ̀ lé e, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí lọ́yà kà?"

"Mo gbọ́. Títí màá fi kú."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ta ló máa jèrè bí ẹ bá tètè kú?"

Ọwọ́ Ilésanmí dúró láàárín àwo àti ẹnu. Àwọn méjèèjì wo adìyẹ náà. Adìyẹ náà tóbi ju bó ti yẹ lọ.

"Kẹ́mi ò lè ṣe irú rẹ̀," ni Ilésanmí wí.

"Èmi ò dárúkọ Kẹ́mi. Ta ló béèrè ọjọ́ orí yín? Ta ló béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Ó gbé àwo sílẹ̀. Ebi ń pa á láti àárọ̀. Ìdíátù mí kanlẹ̀, ó ní nítorí ìfẹ́ tí òun ní sí i, òun á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó mú itan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Wọ́n dúró.

"Báwo lara?"

"Kò tíì yé mi. Ẹ jẹ́ kí n tún wo apá."

Ó jẹ apá. Wọ́n tún dúró. Ó ní ó dà bíi pé nǹkan kan ń ṣe òun nínú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ata. Òun kò lè mọ̀ àfi bí òun bá tọ́ igẹ̀ náà wò. Ilésanmí, ẹni tó lé gbájúẹ̀ mẹ́rin, jókòó lórí ibùsùn inú yàrá tó ti di tirẹ̀, ó ń ṣọ́ ojú Ìdíátù bóyá yóò pàwọ̀ dà. Nígbà tó fi máa dá a lójú pé kò sí májèlé kankan nínú oúnjẹ náà, ìrẹsì funfun nìkan ló kù nínú àwo.